Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀: Ìjàpá Ọdún 1972 Tí Bíréèkì Rẹ̀ Ń Di Ara Rẹ̀ Mú

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé ni Volkswagen Ìjàpá 1300 kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òkè-Àdó, rà ní tuntun ní ìparí ọdún 1972. Ọdún náà ni Nàìjíríà ṣí kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ìdí sì nìyí tí sítíárìn ọkọ̀ náà fi wà ní apá òsì. Ilé-iṣẹ́ tó ń to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Bàbá kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé orí omi ni tòun gbà wọ̀lú. Dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin bí ìkòkò tó ń bá táyà yí, ni bíréèkì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́; agbára tí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì nìkan ni ọ́ìlì inú páìpù ń gbé lọ.

Ẹjọ́ tí Bàbá rò fún mi nìyí. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ náà máa ń lọ geerege, bíréèkì rẹ̀ sì ń mú. Bí ó bá ti rin bíi kìlómítà márùn-ún nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹ́dàlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, á sì máa le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ á wá wúwo bí ẹni pé wọ́n so ọlọ mọ́ ọn nídìí, òórùn láínìnì (ohun tó ń ha dúrọ́ọ̀mù láti dá a dúró) tó ń jó á gba inú rẹ̀ kan, títí tí yóò fi dúró pátápátá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bíréèkì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan lábẹ́ igi, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì wà á padà sílé. Nígbà tí mo dé Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ní oṣù Èrèlé, ó ti tó oṣù méjì tí Bàbá ti ń rin ìrìn rẹ̀ ní ìpele-ìpele bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àga kan nínú búùtù tí ó máa ń jókòó lé bí ó bá ń dúró de ọkọ̀ kó tutù.

Mẹkáníìkì kan ti ṣiṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ni èéfín kọ́kọ́ máa ń yọ, ibẹ̀ ló dojú kọ: ó pààrọ̀ wíìlì sìlíńdà ibẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì ti ń ti súù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ó padà wá pààrọ̀ súù bíréèkì méjèèjì, àwọn irin tí láínìnì wà lára wọn, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ó pààrọ̀ rọ́bà họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì wọ ẹsẹ̀ náà. N kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé èrò họ́ọ̀sì yẹn bọ́gbọ́n mu. Họ́ọ̀sì tó ti gbó lè wú nínú débi pé ọ́ìlì tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi tipátipá tì kọjá kò ní rí agbára tí yóò fi padà, bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn á sì há. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò wo ohun tí àwọn ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá há.

Ìwádìí tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù. Mo gbé e sórí jáàkì, mo fi igi dí ẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Gbogbo wọn yí, àmọ́ ti iwájú òsì ń ha díẹ̀, torí pé wọ́n ti fún súù ibẹ̀ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí nìkan ti tó láti sọ ìdí tí èéfín fi ń kọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Kò sọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń há. Lẹ́yìn náà ni mo wo pẹ́dàlì. Àlàfo tó tó mìlímítà 1 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá pẹ́dàlì àti písítìnì inú màsítà sìlíńdà, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ sì máa ń mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìrìn kékeré bíi mìlímítà 5 sí 7 lórí pẹ́dàlì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́. Bí àlàfo yìí kò bá sí, písítìnì kò ní lè padà dé ìdí, bíréèkì á sì máa há gan-an bí Bàbá ṣe ṣàlàyé. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ìrìn náà wà níbẹ̀. Mo yọ ẹ̀sùn yẹn kúrò.

Ó wá di dandan kí a jẹ́ kí àìsàn náà dé kí a tó lè mọ̀ ọ́n. Èmi àti Bàbá wa ọkọ̀ náà gba Mọ́lété lọ sí Challenge, a sì padà. Nígbà tí a fi máa dé iwájú ilé, gíà kejì kò fẹ́ lè fà á mọ́. Kí ó tó rí àyè tutù ni mo ti gbé e sókè. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló há gbagidi. Mo mú sípánà 7, mo tú nípù ẹsẹ̀ iwájú òsì díẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀tì kékeré oníhò tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì. Ọ́ìlì ta jáde bí ìgbà tí èèyàn gún ọ̀rá omi. Ẹsẹ̀ náà tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún ni pé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tú sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn ṣì há. Mo lọ tú nípù ẹ̀yìn ọ̀tún, ti ẹ̀yìn òsì sì bá a tú.

Ohun méjì yìí ni ó parí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé họ́ọ̀sì ẹsẹ̀ òsì ló dí, òun nìkan ni ì bá há, títú nípù rẹ̀ kì bá sì ran ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́, torí ọ̀nà tí ọ́ìlì ọ̀tún máa fi dé ibi nípù náà gba inú họ́ọ̀sì tó dí yẹn kọjá. Nínú Ìjàpá yìí, màsítà sìlíńdà ní yàrá méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà pàdánù gbogbo bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà bí páìpù kan bá bẹ́. Ìhámọ́ ọ́ìlì ti wà níbi tí iwájú òsì àti ọ̀tún ti pàdé, ó sì tún wà ní ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀nà méjèèjì ti lè dí papọ̀ ni màsítà fúnra rẹ̀.

Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ihò bíńtín kan wà tó lọ sókè sí ike ọ́ìlì. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, rọ́bà tó dà bí ife lórí písítìnì á padà sẹ́yìn, á ṣí ihò yẹn, ọ́ìlì tí ooru bíréèkì mú kó fẹ̀ á sì rí ibi sá sí. Bí rọ́bà náà bá wú, ètè rẹ̀ á bo ihò náà, kódà nígbà tí kò sẹ́ni tó tẹ pẹ́dàlì. Ọ́ìlì tó ń gbóná kò ní ríbi lọ, á máa ti súù mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Súù tó ń ha dúrọ́ọ̀mù á tún mú ooru wá, ooru á tún mú ọ́ìlì fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ Bàbá fi ń dára ní òwúrọ̀ tí ó sì ń burú ní ọ̀sán, àti ìdí tí ìsinmi wákàtí kan lábẹ́ igi fi ń wò ó sàn.

Kí ló mú rọ́bà wú? Mo ṣí ìdérí ike ọ́ìlì tó wà lábẹ́ búùtù iwájú, lẹ́bàá táyà àfikún. Rọ́bà inú ìdérí náà ti rọ̀ bí fùfú, ó sì ti tóbi ju ojú ibi tí ó yẹ kó jókòó lọ. Ọ́ìlì inú rẹ̀ pọ́n, ó sì dúdú díẹ̀. Mo bu omi sínú gíláàsì, mo fi dírọ́pà tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóògùn ro ọ́ìlì náà sí i. Ọ́ìlì bíréèkì gidi máa ń pò mọ́ omi títí tí a kò fi ní rí i mọ́, torí pé ẹ̀yà rẹ̀ kì í ṣe ti epo rọ̀bì; ti Bàbá yìí léfòó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi bí epo ọbẹ̀. Ẹnìkan ti da ọ́ìlì ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀.

Nígbà tí Bàbá fọ̀rọ̀ wá àwọn ará ilé lẹ́nu wò, kò pẹ́ tí òótọ́ fi jáde. Ọmọ tó máa ń fọ ọkọ̀ rí i pé ọ́ìlì ike náà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá ọ́ìlì kiri, ó rí ike omi kan ní gáréèjì tí ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọlọ́tọmátíìkì kù sínú rẹ̀, kò sí lébẹ́ẹ̀lì kankan lára rẹ̀, ó sì fi kún un. “Mo rò pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì, sà,” ni ó wí. Rọ́bà inú bíréèkì kò lè fara da ohunkóhun tó bá ti inú epo rọ̀bì jáde, ìbáà ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù; ṣe ló máa ń mu ún bí gààrí ṣe ń mu omi.

Ìpinnu tó tẹ̀ lé e ni Bàbá kò fẹ́ gbọ́. Ó ní kí n tú ọ́ìlì dànù, kí n fi sípírítì fọ inú rẹ̀, kí ó tán níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, rọ́bà tó bá ti mu ọ́ìlì yẹn kò ní sọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó bá ní rọ́bà nínú ló máa kúrò, títí kan èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó béèrè iye tí yóò jẹ́, ó tún dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni a lọ sí ọjà Aráròmí ní Agodi Gate: màsítà sìlíńdà kan, wíìlì sìlíńdà mẹ́rin, họ́ọ̀sì mẹ́rin, rọ́bà méjì tó ń gbé ọ́ìlì láti ike wá sí màsítà pẹ̀lú àwọn rọ́bà ìdí wọn, ìdérí ike tuntun, àti ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 lítà méjì nínú ike tí èdídí rẹ̀ kò tíì já. N kò ra tòkunbọ̀ nínú wọn. Tòkunbọ̀ dára fún ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà. Rọ́bà tó ti lo ogún ọdún lórílẹ̀-èdè mìíràn ti gbó kó tó wọ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wáyé lórí wíìlì sìlíńdà tó yẹ kí n mẹ́nu bà. Ẹni tó ń tà á kó mẹ́rin tó jọra fún wa, ó ní ìkan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ìkan náà. Inú sìlíńdà iwájú ọkọ̀ yìí fẹ̀ tó bíi mìlímítà 22, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ bíi 17, nítorí pé bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ̀ síwájú, iwájú ló sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi ti iwájú sí ẹ̀yìn yóò rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń há kí ti iwájú tó mú, pàápàá nínú òjò, ìdí ọkọ̀ á sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. A dúró títí wọ́n fi wá èyí tó yẹ rí.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà lórí kọnkéré iwájú ilé. Nọ́ọ̀tì ńlá 36 tó di dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn mú ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ àti pé háńbíréèkì ṣì wà lókè, nítorí pé ipá tí a nílò láti tú u lè ti ọkọ̀ ṣubú lórí jáàkì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin mẹ́rin. N kò sùn sábẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan rí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ orí mi yìí.

Ní iwájú, àṣìṣe kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ń ràn mí lọ́wọ́ ń fi gbogbo agbára yí nọ́ọ̀tì béárìn apá òsì gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tú nọ́ọ̀tì gbogbo, kò sì mọ̀ pé ṣe ló ń fún un. Apá òsì iwájú Ìjàpá ní òwú (ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń rìn lé) tó yí sí òdì, kí yíyí táyà má baà máa tú u bí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú. Ní ẹsẹ̀ kan náà ni okùn sípídómítà ti wọ àárín béárìn já sí ìdérí rẹ̀, tí pínnì wẹ́wẹ́ kan sì dì í mú. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ pínnì yẹn kí ó tó gbá ìdérí jáde yóò já okùn náà.

Mo fi omi ọṣẹ rin gbogbo inú dúrọ́ọ̀mù kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, eruku tó yọ sì lọ sínú ọ̀rá tí a dì pa. Láínìnì ọkọ̀ àtijọ́ sábà máa ń ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àṣà fífi ẹnu tàbí kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ dànù tí a ń rí lójú títì kò dára rárá. Bí mo ti ń yọ wíìlì sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mo ń fa rọ́bà inú rẹ̀ jáde fún Bàbá láti rí. Gbogbo wọn ló ti wú. Èyí tuntun ti ẹsẹ̀ iwájú òsì, tí kò tíì lò ju oṣù kan lọ, wú bíi ti àwọn yòókù, ibẹ̀ sì ni Bàbá ti ṣíwọ́ ìbéèrè nípa owó.

Páìpù irin méjì ló dá mi dúró. Nọ́ọ̀tì wọn ti dípẹtà mọ́ ara páìpù, nígbà tí mo sì yí i, páìpù náà yí pẹ̀lú rẹ̀ ó sì já. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu páìpù, ó gé irin tuntun, ó sì ṣe ẹnu rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó fẹ́ fún mi ní bàbà torí pé ó rọrùn láti tẹ̀. Mo kọ̀ ọ́, nítorí pé bàbà lásán máa ń rẹ̀ bí ó bá ń gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́, á sì sán. Mo da sípírítì gba inú àwọn páìpù tó kù lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi afẹ́fẹ́ tì í jáde títí tí èyí tó ń kán sórí aṣọ funfun kò fi ní pupa kankan nínú mọ́.

Màsítà fúnra rẹ̀ kò le. Bí a bá ti yọ táyà iwájú òsì, èèyàn á rí i lára irin iwájú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú. Mo sàmì sí àwọn wáyà iná ẹ̀yìn tó wọ̀ ọ́, mo yọ páìpù mẹ́ta tó jáde lára rẹ̀, méjì fún iwájú, ẹyọ kan fún ẹ̀yìn, mo sì fà á jáde. Nígbà tí mo fi tuntun sí i, mo tún wọn àlàfo mìlímítà 1 yẹn.

Àṣìṣe tèmi wáyé ní Sátidé kẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afẹ́fẹ́ kúrò, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bùlíìdì, láti ibi tó jìnnà jù lọ sí màsítà: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ọmọ àbúrò mi ń tẹ̀, ó ń dá a dúró, èmi ń tú, mo ń dì. Lítà ọ́ìlì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń jáde mọ́, síbẹ̀ pẹ́dàlì ṣì ń lọ kanlẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú ogún tí mo fi ń bínú sí màsítà tuntun kí n tó rántí pé n kò tíì ṣe àtúntò súù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín méjì, ọ̀kan fún súù kọ̀ọ̀kan. Bí súù bá jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, gbogbo ọ́ìlì tí pẹ́dàlì tì ni yóò parí sórí ìrìn àjò súù. Mo fi sikurudiráfà yí wọn títí ẹsẹ̀ fi há, mo dá a padà ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí ó fi yí láìsí ìfà. Pẹ́dàlì gòkè wá lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ni mo fi parí. Ó kéré tán, ìfún rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 294 Nm (ìwọ̀n ipá yíyí), n kò sì ní sípánà tó ń ka ipá. Kìlógíráàmù 75 ni mo wọ̀n, nítorí náà bí mo bá dúró pẹ̀lú gbogbo ara mi ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí àárín nọ́ọ̀tì, lórí páìpù tí mo fi gùn ún, iye yẹn gan-an ni yóò jẹ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí páìpù, mo dì mọ́ òrùlé ọkọ̀, mo sì dúró lé e. Ihò pínnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì náà tú kò bára mu ní apá kan. A kì í tú u padà kó lè bá ihò mu, ṣe ni a ń fún un sí i títí yóò fi dé èyí tó kàn.

A kọ́kọ́ dán an wò lórí kọnkéré, lẹ́yìn náà lójú pópó ní 30 km/h. Bàbá wà á lọ sí Bódìjà, ó sì wà á padà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láìjẹ́ pé ó há. Nígbà tó dé, mo fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́, òsì àti ọ̀tún ṣe déédéé, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yí lórí jáàkì. Lẹ́yìn bíi 500 km, mo padà wá fún súù díẹ̀ sí i bí láínìnì ti ń jókòó, mo ro ọ́ìlì sínú omi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pò. Bàbá ti kọ “BÍRÉÈKÌ NÌKAN” sára ike DOT 4 tó kù pẹ̀lú ọ̀dà funfun, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀. Àga náà ṣì wà nínú búùtù.